Ìkòkò Aláìníyọ̀ àti Oòrùn Aago Méjì

Ìkòkò kékeré kan wà ní kíṣìn ilé-ìwé wa tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì da iyọ̀ sí i. Oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń sè nínú rẹ̀, ọmọbìnrin àfín kan tó wà ní kíláàsì mi. Mo ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ ti lọ lórí mi, ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn kò lọ, inú sì ń bí mi síbẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ létòlétò. Bí mo bá fi ìbínú sọ ọ́, mo lè fo ibi tí ẹ̀bi tèmi wà.

Ojú ọ̀nà tó lọ láti Ìsẹ̀ sí Emùré ni ilé-ìwé náà wà. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń gbé, mo sì ń gun màṣíìnì mi lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà nígbà yẹn, nítorí náà ohun gbogbo tí ilé-ìwé bá fẹ́, láti orí ṣọ́ọ̀kì dé orí ásíìdì, Àkúrẹ́ la ti ń lọ gbà á. Kíláàsì HSC, tó ṣáájú yunifásítì, ni mo ń kọ́ ní baolójì, ọmọ mẹ́rìnlá péré. Ọmọbìnrin yìí wà nínú wọn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Emùré, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó máa ń wálé ní ìparí oṣù. Ọjọ́ tí ìyá náà mú un wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá fún: ká má fún un ní iyọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ nígbà náà pé iyọ̀ ni kì í jẹ́ kí ara àfín dán, pé òun ló ń gbé ààmì dúdúdúdú àti egbò sí wọn lára. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyá Kíṣìn, tó ń se oúnjẹ fún wa, wá ìkòkò kan, ó so àkísà pupa mọ́ ọn, ó sì pa àṣẹ náà mọ́ láìyẹ̀ ní ọjọ́ kan. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Kò sí ẹni tó kórìíra ọmọ náà láàárín wa.

Ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídeè, ní aago méjì ọ̀sán, a máa ń ṣe lébọ̀. Gbogbo ọmọ á mú àdá, á gé koríko tó wà ní pọ́ṣọ̀n tirẹ̀. Èmi ni mo ń bójú tó lébọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń wọn pọ́ṣọ̀n náà, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, ìlà sí ìlà. Ogún ẹsẹ̀ ni tàwọn yòókù. Mẹ́wàá ni mo wọ̀n fún ọmọ yìí. Inú mi dùn sí ara mi nígbà tí mo ṣe é. Mo dín koríko kù fún un, mi ò dín oòrùn kù. Tíṣà baolójì ni mí o.

Ọ̀rọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Tusidé kan, inú kíláàsì mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ DNA ni a ń ṣe. Mi ò fẹ́ràn kí ọmọ máa há orúkọ gígùn sórí kó tó mọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe, nítorí náà mo ní kí gbogbo wọn dìde. Mo to ọmọ mẹ́rin sí ìlà kan, mo to mẹ́rin sí èkejì, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n sì di ọwọ́ ara wọn mú.

Mo ní, “Èyí ni DNA. Okùn méjì ni, lẹ́tà sì ni kálukú yín. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó bá a mu ní òdìkejì, kì í di ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ara bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan á wá tú ọwọ́ yín, ẹ́ńsáìmù kejì á tẹ̀ lé e, á máa mú ẹni tó bá kálukú mu wá. Bó bá ṣe àṣìṣe, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan, á yọ ọ́, á fi èyí tó tọ́ síbẹ̀.”

Ọmọkùnrin aláwàdà kan wà níbẹ̀. Ó ní, “Sà, ó sàn ju ẹni tó ń kọ nóòtì wa sójú bọ́ọ̀dù lọ nígbà náà.”

Èmi ni mo ń kọ nóòtì sójú bọ́ọ̀dù. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá fi ọmọkùnrin náà ṣe oòrùn.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Èmi ni oòrùn! Ẹ wá ibòji!”

Ọmọbìnrin kan nínú ìlà náà dá a lóhùn pé, “Oòrùn tí kò tíì wẹ̀ láti Sọ́ńdè!”

Mo ní kó fọwọ́ tọ́ méjì nínú wọn tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìlà kan náà. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ẹni tó wà ní òdìkejì sílẹ̀, wọ́n di ara wọn mú. Mo ṣàlàyé pé ohun tí ìtànṣán oòrùn ń ṣe gan-an nìyẹn. Á so lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀, okùn á wú níbẹ̀, kò ní ṣeé kà mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn atúnṣe á wọlé. Ẹ́ńsáìmù kan á rí ibi tó wú, á gé okùn náà ní apá ọ̀tún àti apá òsì, á yọ ègé tó bàjẹ́ kúrò. Òmíràn á fi lẹ́tà tuntun dí àlàfo náà, á máa wo okùn òdìkejì fi ṣe àwòkọ. Ẹni tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní lígéésì, á wá so orí méjèèjì pọ̀.

Ọmọbìnrin àfín yẹn ni mo fi ṣe lígéésì. Ó wọlé, ó mú ọwọ́ ẹni tuntun àti ọwọ́ ẹni àtijọ́, ó so wọ́n pọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bèèrè láìjókòó pé, “Sà, bí oòrùn bá ń fọwọ́ tọ́ wọn láìdúró ńkọ́? Ṣé kò ní rẹ̀ wá?”

Ó ní “wá.” Mo rántí bẹ́ẹ̀. Ó ti di ọ̀kan nínú wọn.

Mo ní, “Ìdí nìyẹn tí ara fi ní àwọ̀ dúdú. Agbòòrùn ni. Ó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oòrùn náà sára kó tó dé ọ̀dọ̀ DNA. Èyí tó bá yọ́ wọlé ni àwọn ẹ́ńsáìmù ń bá jà.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọkùnrin tó jẹ́ oòrùn rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ní, “Sà, ọ̀la ni lébọ̀.”

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó dúró, ó ká irun kúrò létí òsì, ó sì fi egbò kan hàn mí lókè etí náà. Kò tóbi ju erèé kan lọ. Ó ní láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ló ti wà níbẹ̀, pé ó máa ń gbẹ, á tún ṣí. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi máa ń dé nǹkan mọ́rí. Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé fìlà kò sí nínú yunifọ́ọ̀mù, àti pé ìgbákejì ọ̀gá ilé-ìwé á fa fìlà ya lórí ọmọ tó bá dé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ìgbákejì ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ń ṣàìsàn ní tẹ́ẹ̀mù yẹn, òun ló ń darí ohun gbogbo. Àgbàlagbà ni, ó jù mí lọ, ó sì jẹ́ ẹni tó gbàgbọ́ nínú ìlànà débi pé ó máa ń fi rúlà wọn gígùn ìbọ̀sẹ̀ ọmọ.

Ó ní, “Tíṣà Baolójì, ẹ ti tún gbé nǹkan dé.”

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ àfín yẹn ni. Mo fẹ́ kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú lébọ̀ oòrùn. Kó máa nu ìwé láíbírì dípò rẹ̀. Egbò kan wà létí rẹ̀, oòrùn ló sì fà á.”

“Oúnjẹ rẹ̀ yàtọ̀, a ò sọ̀rọ̀. Ẹ dín pọ́ṣọ̀n rẹ̀ kù, mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣé oòrùn tirẹ̀ náà á tún yàtọ̀ ni?”

“Sà, ara rẹ̀ kò ní ohun tí ara tiwa fi ń...”

“Egbò lẹ ní?” Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó sì fi gègé lélẹ̀. “Ta ló ń fún un níyọ̀?”

Mo ní iyọ̀ kọ́. Mo ṣàlàyé. Mo lo ìṣẹ́jú tó pọ̀ níbẹ̀ láti ṣàlàyé lẹ́tà méjì tó so pọ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń gé, èyí tó ń dí, èyí tó ń so. Ó tẹ́tí gbọ́ mi, ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó ní òun á wádìí rẹ̀. Mo rò pé ó ti gbọ́. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n lọ sí Àkúrẹ́ láti gba àwọn nǹkan ìdánwò àṣefihàn, iṣẹ́ tó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan nítorí wọ́n á máa rán wa láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gun màṣíìnì mi lọ. Mi ò pa orúkọ ọmọ náà rẹ́ nínú ìwé lébọ̀ kí n tó lọ. Mo ń dúró de àṣẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, Ìyá Kíṣìn ló sọ ọ́ fún mi. Ìgbákejì ọ̀gá kọjá sí kíṣìn tààrà. Ó ní kí obìnrin náà gbé ìkòkò alákìísà pupa jáde, ó fi ṣíbí bu ẹ̀wà inú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́.

Ìyá Kíṣìn ní, “Mo búra fún un! Mo ní, Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti dé, uyọ̀ kò kan ìkòkò yìí rí. Ó ní kí n dákẹ́.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. Uyọ̀ ni wọ́n ń pe iyọ̀ lọ́dọ̀ wọn. “Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé olè ni mí.”

Nígbà tí kò rí iyọ̀ ní kíṣìn, ó lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ṣí lọ́kà ọmọ náà. Ẹ̀pà yíyan wà níbẹ̀, tí a pọ́n sínú bébà, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì, oníyọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ra ẹ̀pà jẹ. Ìwádìí parí síbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjìyà. Wọ́n ní kó gé gbogbo koríko ẹ̀yìn pápá bọ́ọ̀lù, ní aago méjì sí aago mẹ́rin, títí tí yóò fi tán.

Èmi ni mo lọ sọ fún wọn pé egbò wà létí rẹ̀. Ká ní mo dákẹ́ ni, Wẹ́sídeè kan péré ni ì bá lò nínú oòrùn ọ̀sẹ̀ yẹn, lórí ẹsẹ̀ mẹ́wàá.

Mọ́ńdè ni mo dé. Mo ń já páálí ìgò kalẹ̀ lẹ́yìn màṣíìnì nígbà tí aláwàdà kíláàsì mi sáré wá bá mi. Kò ṣàwàdà. Ó ní, “Sà, ẹ wá wo nǹkan.” Mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn pápá. Ó ti tó aago méjì kọjá díẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀ lóun nìkan, ó tẹ̀ ba, ó ń gé koríko. Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Ètè rẹ̀ ti bó. Ọrùn rẹ̀ pọ́n bí ẹran tí wọ́n bó awọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ láti etí òsì ti gbẹ mọ́ kọ́là yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, eṣinṣin sì ń bà lé e.

Mo ní, “Fi àdá yẹn sílẹ̀.”

Ó ní, “Ó kù díẹ̀, sà. Bí mi ò bá parí rẹ̀ lónìí, wọ́n ní wọn ò ní jẹ́ kí n jókòó fún ìdánwò.”

Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi lé e lórí, mo ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko náà. Ní sìngílẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú bàtà tí mo fi lọ sí Àkúrẹ́. Láìpẹ́ àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìgbákejì ọ̀gá tó ń bọ̀.

“Tíṣà! Ṣé orí yín pé? Lójú àwọn ọmọ!”

Mo ní, “Ọmọ yìí kò jẹ̀bi ohunkóhun, sà.”

“Ó jẹ iyọ̀! A bá a lọ́wọ́ rẹ̀!”

“Gbogbo wa là ń jẹ iyọ̀. Ẹ wo etí rẹ̀, sà. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó.”

Kò sún mọ́ ọn. Ó dúró sí ibi tó wà, ó ní òun ti wò ó láti ibẹ̀. Mi ò tíì gbé ohùn sókè sí àgbàlagbà rí láyé mi kó tó di ọjọ́ yẹn. Mo gbé e sókè. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ síbí, torí pé mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ máa fi irú rẹ̀ kọ́ ọmọ.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo lọ gbé ìyá rẹ̀ ní Emùré. Ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Dókítà náà kéré ní ọjọ́ orí, ó sì ní sùúrù. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo etí náà pẹ́, ó ní egbò lásán kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́, jẹjẹrẹ ti ń mú un, wọ́n máa gé apá òkè etí náà kúrò kó má baà ràn. Ó ní ọdún púpọ̀ ni irú rẹ̀ fi ń kó jọ, ìjìyà ọjọ́ mẹ́rin kọ́ ló dá a sílẹ̀. Gbogbo oòrùn tó ti ń pa á láti kékeré ni. Ó wá bi ìyá rẹ̀ bóyá ó máa ń wà nínú oòrùn.

Ìyá náà dìde dúró. Tíṣà bíi tèmi ni, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Dókítà, a ò fún un níyọ̀ rí. Mo fi Ọlọ́run búra. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, a ò fún un níyọ̀ rí.”

Dókítà náà wojú mi, ó tún wo obìnrin náà. Ó ní, “Mà, iyọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀.”

Obìnrin náà jókòó. Ọdún méjìdínlógún tó fi ń sè oúnjẹ lọ́tọ̀, tó ń lé e kúrò nídìí àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì ń rán an lọ pọn omi lọ́sàn-án gangan, gbogbo rẹ̀ dé sí i lójú ní ìjókòó yẹn. Mi ò lè bínú sí i. Àwọn tó kàwé jù ú lọ, tó sì mọ orúkọ ẹ́ńsáìmù, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wọn pọ́ṣọ̀n.

Ọmọ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú bándéèjì lórí. Ọ̀gá àgbà ti bọ̀ láti ibi àìsàn, ó fọwọ́ sí i kó dé fìlà etí gbígbòòrò tí wọ́n fi mọ̀rìwò hun fún un, ó sì ní yóò ṣe ìdánwò rẹ̀. Mo fún kíláàsì ní iṣẹ́ kan: kí wọ́n kọ ìdí tí ara àfín fi ń tètè bàjẹ́ nínú oòrùn. Mẹ́ta nínú wọn kọ pé àwọn ẹ́ńsáìmù wọn kò dára. Mo fa ìlà sí i, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní, “Ẹ́ńsáìmù wa kò ní àbùkù kankan. Iṣẹ́ ni wọ́n fi pa wọ́n.” Mo fún un ní gbogbo máàkì.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ìyá Kíṣìn tú àkísà pupa kúrò lọ́wọ́ ìkòkò. Ó bu ẹ̀wà láti inú ìkòkò ńlá fún un lójú mi. Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó dijú.

“Ìyá, uyọ̀ rẹ̀ mà ti pọ̀ jù.”

Ìyá Kíṣìn ní, “Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀! Gbèsè uyọ̀ tí mo jẹ ọ́ pọ̀ jùyẹn lọ.” Ó wá yí ojú sí iná.

Ohun kan ṣì kù tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìjìyà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni “jíjẹ iyọ̀ lòdì sí ìtọ́ni.” Ìwé yẹn ni wọ́n máa ń wò bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún ọmọ tó ń jáde. Mo lọ bẹ ìgbákejì ọ̀gá pé kó fagi lé e. Ó ní àkọsílẹ̀ ni, wọn kì í fọwọ́ kan àkọsílẹ̀. Mo ní bó bá ní àṣìṣe nínú ńkọ́? Ó ní kò ní àṣìṣe, ó jẹ iyọ̀ tàbí kò jẹ ẹ́?

Mo mú báírò pupa tí mo fi ń máàkì jáde nínú àpò mi. Mo fa ìlà kan sórí ohun tó kọ, mo rí i pé ó ṣì ṣeé kà lábẹ́ ìlà náà bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìwé ọmọ ilé-ìwé, mo kọ “Kò ṣẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè láti Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ba ìwé ìjọba jẹ́. Mo dáhùn pé mi ò bà á jẹ́, pé mo tún un ṣe ni. Wọ́n dá ìgbéga mi dúró fún ọdún méjì. Ìgbákejì ọ̀gá náà di ọ̀gá àgbà ní ilé-ìwé mìíràn kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n sì yìn ín fún ìlànà.

Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó mọ́, ó sì wọ yunifásítì. Mo máa ń gba ọ̀nà Emùré kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń bojú wo ẹ̀yìn pápá bọ́ọ̀lù náà. Koríko tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi ọmọ sínú oòrùn yẹn, kí bándéèjì rẹ̀ tó kúrò lórí ló ti hù padà dé orúnkún.